Páàdì Méjì, Ẹnì Kan Ló Ń Gbá Géèmù

Ilé tí ọmọ méjì bá ti ń du ẹ̀rọ géèmù kan ṣoṣo, wọ́n á mọ ọgbọ́n yìí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á gbé páàdì kejì fún àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ki wáyà rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ. Àbúrò á jókòó tì í, á máa tẹ bọ́tìnnì, á máa pariwo pé òun lòun gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ọjọ́ tó bá já ọgbọ́n yẹn nìjà máa dé, tí màmá wọn á sì sáré jáde láti ilé ìdáná wá dájọ́: "Ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́ fún un, kẹ́ ẹ jọ gbá a!"

Lóde òní, páàdì kì í ní wáyà mọ́. Bàbá lè ra méjì, kó gba iná sí i dáadáa, kí àwọn ọmọ méjèèjì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Wọ́n á ṣí géèmù tuntun tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ìdánwò, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá rí i pé kò sí àyè fún ẹnì kejì nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ló rẹ́ àbúrò jẹ lọ́tẹ̀ yìí. Bí àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe ṣe é nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíì gbá a ní láti wà nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀, níwájú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, kí wọ́n sì pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ò lè dá gbá a. Lọ́dún 1972 ni Magnavox Odyssey jáde ní Amẹ́ríkà. Òun ni ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fáwọn èèyàn láti máa lò nílé, ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ sì jẹ́ méjì nínú páálí. Ẹ̀rọ náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn díje. Bí kò bá sí ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù padà, kò séré nìyẹn. Bákan náà ni Pong tí iléeṣẹ́ Atari gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà. Bí ayò ọlọ́pọ́n ló ṣe rí. Ọ̀ta tó bá jókòó sídìí ọpọ́n gbọ́dọ̀ rí ọ̀pẹ tó máa pa, àwọn òǹwòran á sì dúró yí wọn ká, wọ́n á máa fi ẹni tó ń jìyà ṣe yẹ̀yẹ́.

Pípín ojú tẹlifíṣọ̀n dé nígbà tí géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Nínú Super Mario Kart tí iléeṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan ṣe lọ́dún 1992, awakọ̀ kan ń wo ọ̀nà tirẹ̀ lápá òkè, èkejì ń wo tirẹ̀ nísàlẹ̀. Lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà gbé ẹ̀rọ Nintendo 64 jáde pẹ̀lú ojú ihò páàdì mẹ́rin. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni GoldenEye 007 dé, táwọn mẹ́rin sì lè máa lé ara wọn kiri lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn ò tóbi, ìdá kan nínú mẹ́rin ló sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tójú rẹ̀ bá yá lè yọjú wo apá ti ẹnì kejì kó lè mọ ibi tó sá pa mọ́ sí. Kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa jí ìwé wò nínú ìdánwò, síbẹ̀ ẹ̀rín ló máa ń dá sílẹ̀ jù.

Ní Nàìjíríà, PlayStation 2 tó jáde lọ́dún 2000 ló sọ géèmù di ti gbogbo àdúgbò. Àwọn ọmọ tí wọn ò ní in nílé máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù, wọ́n á sanwó ìfigagbága kan, ẹni tó bá sì pàdánù á dìde fún ẹni tó kàn. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ bọ́ọ̀lù yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí lórílẹ̀-èdè yìí fura pé nǹkan ti yí padà. Pápá kan náà ni gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń wò, kò sídìí láti pín ojú tẹlifíṣọ̀n, ìdí nìyẹn tí FIFA, tó ti di EA Sports FC báyìí, ṣì fi ń gba ẹni méjì lórí àga kan. Ọjọ́ tọ́mọ bá béèrè fún géèmù eré mọ́tò lọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Need for Speed Underground 2 tó jáde lọ́dún 2004 gba awakọ̀ méjì lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Need for Speed ti ọdún 2015 ò gbà á. Kódà, bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé gbá rárá, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sídìí rẹ̀. Ẹ fi wé ilé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń lọ bí òjò bá ti ṣú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Halo, géèmù iléeṣẹ́ Microsoft, ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù lọ. Géèmù ìbọn ni, kì í ṣe fún ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, ẹni méjì lè jọ gbá ìtàn inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2015, nígbà tí Halo 5 dé tí wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ariwo náà pọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Bonnie Ross, ọ̀gá iléeṣẹ́ 343 Industries tó ń ṣe géèmù náà nígbà yẹn, ṣèlérí ní gbangba pé Halo oníbọn èyíkéyìí tó bá tún máa jáde á ní in. Halo Infinite wá jáde ní ìparí ọdún 2021. Wọ́n lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n níbi tí wọ́n ti ń bára wọn jà, àmọ́ kò sí i nínú ìtàn rẹ̀; wọ́n ní káwọn èèyàn ṣe sùúrù. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ohun tó wá mú kó dunni ni pé kò pẹ́ sígbà yẹn làwọn kan rí ọ̀nà kọ̀rọ̀ nínú géèmù náà, wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì bá a tó ń ṣiṣẹ́, bí kò tiẹ̀ tíì dán tó.

Kí ló fà á? Ká má parọ́ mọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù, iṣẹ́ náà le. Àwòrán tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ló ń yà á lákọ̀tun, nígbà míì ó máa ń tó ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ bá pín ojú rẹ̀ sí méjì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ya ayé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, láti ibi tí ẹni àkọ́kọ́ dúró sí àti láti ibi tí ẹnì kejì wà. Bí ìgbà téèyàn ń se oúnjẹ ilé méjì lórí sítóòfù kan ni. Ìdí yìí wà lára ohun táwọn tó ṣe Halo 5 sọ. Lọ́dún 2023 pẹ̀lú, Baldur's Gate 3 pẹ́ kó tó dé orí Xbox nítorí pé Series S, èyí tó kéré nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ò lè gbé pípín ojú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó jọ wọ́n lójú, wọ́n gbé e jáde láìsí i lórí ẹ̀rọ kékeré yẹn.

Ṣùgbọ́n owó náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2002 tí Xbox Live ti bẹ̀rẹ̀ ni gbígbá géèmù pẹ̀lú ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ti ń di ohun téèyàn ń san àsanpadà fún. Ọmọ méjì tó jókòó sórí àga kan, géèmù kan ni wọ́n á rà. Tí wọ́n bá wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ méjì ni, tẹlifíṣọ̀n méjì, lọ́pọ̀ ìgbà géèmù méjì, ká má tíì sọ dátà àti epo jẹnẹrétọ̀. Ta ló máa sọ pé iléeṣẹ́ tó ń tajà ò mọ ìṣirò yẹn?

Àwọn ọmọ ló ń pàdánù jù. Nígbà tí wọ́n bá jọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n kan, ọmọ ọdún mẹ́fà tó há síbi tó le lè na páàdì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọjá ibí yìí," kó sì gbà á padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ló ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè na páàdì sí ẹnì kan, ọ̀pẹ kì í sì í rí ọ̀ta tó máa fi sùúrù kọ́ ọ. Màmá tó ń dín dòdò lẹ́yìn ilé náà ń pàdánù. Tẹ́lẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ ní pálọ̀. Nísinsìnyí, ọmọ ti ki ìgbọ́hùn sétí nínú yàrá, ohùn ọmọ rẹ̀ nìkan ni màmá ń gbọ́. Kò mọ ẹni tó ń dá a lóhùn, kò mọ bóyá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni tàbí àgbàlagbà.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ti lọ o. Ẹ̀rọ Switch tí Nintendo gbé jáde lọ́dún 2017 ní páàdì kékeré méjì lára, apá ọ̀tún ọ̀kan, apá òsì ọ̀kan, tí ẹni méjì lè pín lójú ẹsẹ̀. Ẹni mẹ́rin sì lè jọ gbá Mario Kart 8 Deluxe lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni It Takes Two tó jáde lọ́dún 2021 láti ọwọ́ Josef Fares àti iléeṣẹ́ Hazelight ní Sweden. Ìtàn tọkọtaya kan tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ni. Ọmọbìnrin wọn sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà, ni wọ́n bá di bèbí, tí wọn ò sì lè bọ́ àfi tí wọ́n bá jọ ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ò lè dá gbá a rárá, bíi ti ọdún 1972. Géèmù yìí ló gba ẹ̀bùn géèmù tó dára jù lọ́dún náà níbi The Game Awards, àwọn tó sì ti rà á ti ju mílíọ̀nù 20 lọ. Àwọn tó ń sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ irú rẹ̀ mọ́ ò rí nǹkan fi fèsì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí páálí géèmù náà padà. Níbi tí wọ́n kọ iye èèyàn tó lè gbá a sí, wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti àwọn tó wà nílé kan náà, àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, tí ti èkejì sì jẹ́ 20, ẹnì kan ló máa gbá a ní pálọ̀ yín. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé, "Ẹ má mikàn, èèyàn púpọ̀ ló ń gbá a." Òótọ́ ló sọ. Ẹ bi í bóyá ẹni méjì lè gbá a lórí tẹlifíṣọ̀n kan láìsí dátà, kẹ́ ẹ sì ní kó ki páàdì méjì bọ̀ ọ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.