Ẹja Tó Ń Jà Nínú Igbá Ni Kí Ẹ Rà

Lópin ọ̀sẹ̀ kan, àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ najú létí dáàmù Èrò ní Ìkún-Èkìtì. A ju ìwọ̀ sómi, a rí epìyà àti àrọ̀ mú bọ̀. Fàájì ọ̀hún dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀.

Láwọn odò kan, gamalíìnì, oògùn kòkó, ni wọ́n fi ń pẹja. Lọ́dún 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ní kí a fòpin sí oògùn yìí. Májèlé ni! Omi dáàmù sì rèé, òun náà là ń mu nílé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ apẹja bó ṣe pa á. Èyí tó ti kú, tó pọ̀ yamùrá, tó tún rọjú jù, ẹ fi sílẹ̀. Èrè ọjọ́ kan ò tó ẹ̀mí oníbàárà o.