Iṣẹ́ Oníṣirò Owó Kò Pin Sí Owó-Orí

Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ òní yóò dá lórí iṣẹ́ oníṣirò owó, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní akáńtáǹtì, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bi wá bóyá ìjọba ni ó rán wa láti gba owó-orí. Kò yà wá lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí irú ẹni bẹ́ẹ̀ àfi ní ọjọ́ tí ìwé owó-orí bá dé. Nígbà náà ni a ó sáré tọ̀ ọ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn ti í sáré tọ oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó-orí jẹ́ díẹ̀ nínú ohun tí ó lè ṣe fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ṣe búrẹ́dì tà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ń ṣe 100 búrẹ́dì lójúmọ́, tí ó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1,200 náírà. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà àti ìwúkàrà ń gba 90,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ iye yìí kúrò nínú 120,000, ó sì wí pé èrè òun jẹ́ 30,000. Oníṣirò owó yóò jókòó tì í, yóò sì máa bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èló ni igi ìdáná? 8,000. Owó ọ̀yà àwọn ọmọ tí ń po ìyẹ̀fun ńkọ́? 10,000. Ọkọ̀ tí ó kó o lọ sí ọjà gba 5,000. Owó ilé, bí a bá pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 3,000. Ààrò tí ń gbó lọ díẹ̀díẹ̀, tí a ó sì tún mọ lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí a máa fi 4,000 pamọ́ dè é. Bí ó bá sì bèèrè bóyá gbogbo 100 náà ni a tà, ìyá yìí yóò rántí pé àwọn ọmọ ilé jẹ márùn-ún: 6,000 nìyẹn. Àròpọ̀ rẹ̀ di 36,000. Ẹni tí ó rò pé òun ń jèrè 30,000 ń pàdánù 6,000 lójoojúmọ́, ojú owó rẹ̀ ni ó sì ń jẹ láìmọ̀. A kò tilẹ̀ tíì ka làálàá ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ a mọ àwọn tí wọ́n ti fura sí orogún àti aládùúgbò nítorí irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1772, nígbà tí ọjà kùtà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò olókìkí nì, jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀ láti mọ iye tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ná an. Ó rí i pé àwọn ìnáwó kan wà tí kì í dín kù bí iṣẹ́ tilẹ̀ dín kù, irú bí owó ilé; nítorí náà, bí a bá ṣe ń mọ púpọ̀ tó, ni ìpín ìnáwó bẹ́ẹ̀ lórí ìkòkò kan yóò ṣe máa kéré sí i tó. Ìwé kan náà ni ó tú àṣírí akọ̀wé kan tí ń jí owó rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣirò fi ń mú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ jáde ti pẹ́. Luca Pacioli, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Francis Mímọ́ ní ìjọ Àgùdà (ẹ rí i pé iṣẹ́ yìí kò ṣe àjèjì sí àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run), tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ní Venice ní 1494, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ìlú náà ti ń lò ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: níbi tí ó ti wá, àti níbi tí ó lọ. Bí àròpọ̀ ìhà méjèèjì kò bá dọ́gba, àṣìṣe ti wọ ibì kan. Ní ilẹ̀ tiwa, Akintola Williams, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráma C.M.S. ní Èkó, gba oyè iṣẹ́ náà ní 1949, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. Ó sì lo 104 ọdún láyé kí ó tó sùn ní 2023.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù ni ohun tí ojú wa rí nínú ìjọ kan tí a ti sìn rí. A ń dáwó òrùlé. Ìwé akápò wí pé owó báyìí ni ó wà. Báǹkì wí pé ó fi 340,000 náírà dín sí i. Akápò wa jẹ́ bàbá àgbà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì. Kò sí ẹni tí ó pè é ní olè lójú, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bàbá náà sì fi ìjókòó rẹ̀ níwájú sílẹ̀, ó lọ ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A jẹ́wọ́ pé àwa pàápàá ṣiyèméjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣirò kan láti ìjọ mìíràn ni ó gbà wá. Ó wí fún un pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo rìsíìtì wá, títí kan èyí tí ó ti ya.” Alẹ́ mẹ́ta ni ó fi ka ìwé báǹkì mọ́ ìwé akápò, ìlà sí ìlà. Ẹ̀bùn ìkórè kan, 200,000, ni a ti kọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sínú ìwé ìkórè, èkejì sínú ìwé òrùlé. Ṣẹ́ẹ̀kì méjì, 90,000 àti 50,000, ni báǹkì sì ti dá padà nítorí pé àwọn tí ó kọ ọ́ kò ní owó níbẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù.

Ó ní kí a máa fi ìwé méjèèjì wéra lóṣooṣù, kí ènìyàn méjì tí kì í ṣe akápò máa ka owó igbá, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pàápàá kò gbà láti gbé ọrẹ àwọn ìjọ lọ sí Jerúsálẹ́mù láìsí àwọn arákùnrin tí a yàn pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a ka ìṣirò náà láti orí àga ìwàásù, iye kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí a parí, ìyá àgbà kan dìde, ó lọ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó di bàbá náà lọ́wọ́ mú, ó sì mú un padà sí ìjókòó rẹ̀.