Iye Méjì, Ẹ̀dọ̀ Kan

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ṣe skáànù ẹ̀dọ̀ l'Óṣogbo, ó tún un ṣe n'Íléṣà. Iye ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ kò bára mu. Ó ní, "Prof, èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Iṣan tó ti ìfun wá ló ń gbé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀rọ á wọn fífẹ̀ rẹ̀ àti eré ẹ̀jẹ̀, á wá ṣe ìṣirò. Bí a bá fi 10% wọn fífẹ̀ náà jù, iye ẹ̀jẹ̀ á fi 21% lé. Bí igun ìró bá ju 60° lọ, àṣìṣe eré náà á pọ̀. Oúnjẹ pẹ̀lú ń fi kún un.

Nítorí náà, ẹ tún un wọ̀n láìjẹun, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà. Iye kan ṣoṣo kì í ṣe ìdájọ́. Dókítà ló máa kà á pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò yòókù.