Mítà Bátìrì tí ó Purọ́ fún Wa

Kò sí òkun ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ṣùgbọ́n mítà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń mọ iye iná tí ó kù nínú bátìrì wọn wúlò púpọ̀ fún àwa tí a ń gba iná láti ara oòrùn.

Àwa fúnra wa ni a so ó mọ́ bátìrì wa. Ní alaalẹ́ ni ó ń wí pé bátìrì kún. Síbẹ̀, kí àkùkọ tó kọ, òkùnkùn a ti bo ilé. Ìyá àwọn ọmọ wa ni ó kọ́kọ́ wí pé, "Baálé mi, mítà yìí ń purọ́." A kò fẹ́ gbọ́.

Irin kan wà tí a ń pè ní shunt. Gbogbo iná tí ń wọlé tí ó sì ń jáde gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ kọjá kí mítà tó lè kà á. Apá kan rẹ̀ ni a ń so mọ́ orí nẹ́gátífù bátìrì. Apá kejì ni gbogbo wáyà nẹ́gátífù yòókù ń wá, ti sólà àti ti íńfátà. Àwa so ti íńfátà mọ́ orí bátìrì tààrà! Mítà ń ka ohun tí oòrùn mú wá, kò sì rí ohun tí a ná.

A tún un so, a sì fi fíúsì sí wáyà pósítífù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń bọ́ mítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: bátìrì aláàsíìdì kò fẹ́ kí a máa lò ó kọjá ìdajì, tiwa sì ti gbẹ léraléra. Owó ilé-ìwé ọmọ wa kan ni a fi ra òmíràn.