Aṣọ Tí Ń Dáhùn: Aṣọ Híhun àti Orin Ràgà Ilẹ̀ Íńdíà Nínú Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní

Ní ìlú Varanasi, ní bèbè odò Ganges ní ilẹ̀ Íńdíà, iṣẹ́ àjogúnbá méjì gbajúmọ̀ púpọ̀: aṣọ ṣẹ́dà híhun àti orin. Ibẹ̀ ni Bismillah Khan, ọ̀gá nínú fífun fèrè shehnai, gbé títí ó fi jáde láyé ní ọdún 2006. Lóde òní, àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń pa irú iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ nípa ṣíṣe aṣọ tí ń dún nígbà tí olùwòran bá fọwọ́ kàn án. Irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwòlọ lásán. Ọwọ́ ẹni tí ó wá wò ó ni ó ń parí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni bí aṣọ ṣe ń mú ohùn jáde, àti ìdí tí ó fi lè mú ohùn jáde láì mú orin jáde.

Òwú tí wọ́n ń pè ní zari ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Fàdákà tàbí bàbà tí a fà gbọọrọ tí a sì tẹ̀ pẹlẹbẹ ni a ń wé mọ́ ara òwú. Iná mọ̀nàmọ́ná ń gba ara fàdákà àti bàbà kọjá. Kì í gba ara ṣẹ́dà. Ní nǹkan bí ọdún 1997, Maggie Orth àti Rehmi Post ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà lo aṣọ ṣẹ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n hun ní Íńdíà láti fi ṣe bọ́tìnnì ìfọwọ́kàn. Òwú tí ọ̀kọ̀ ń gbé sọdá nínú aṣọ náà ni wọ́n wé bàbà mọ́. Ṣẹ́dà lásán ni èyí tí a ta gùn. Nítorí bẹ́ẹ̀, iná ń lọ láti etí kan dé èkejì láìfo sórí òwú mìíràn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ hun irú aṣọ yìí kò ro ti iná rárá. Ẹwà ni wọ́n ń wá.

Kọ̀ǹpútà kékeré ni a ń so mọ́ etí aṣọ. Yóò máa rán iná táṣẹ́rẹ́ sínú òwú, yóò sì máa ka àkókò tí òwú fi ń gbà á sára. Ara ènìyàn náà a máa gba iná mọ́ra. Bí ìka bá ti kan òwú, àkókò yẹn yóò gùn sí i, ohùn yóò sì jáde. (Ẹni tí ó bá fẹ́ fi aṣọ òkè dán an wò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ọ̀rá tí a kùn ní àwọ̀ fàdákà ni púpọ̀ nínú òwú tí ń dán yinrin lára rẹ̀, iná kì í sábà rí ọ̀nà gbà níbẹ̀.)

Orin gan-an ni ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. Ràgà kì í ṣe àkójọ ohùn lásán. Ìlànà ni: ọ̀nà tí a ń gbà gòkè àti èyí tí a ń gbà sọ̀kalẹ̀, ohùn tí a ń dúró lé, àti wákàtí tí ó bá a mu. Ohùn márùn-ún kan náà ni Bhupali àti Deshkar ń lò: sa, re, ga, pa, dha. Ṣùgbọ́n ga ni ọba nínú Bhupali, alẹ́ ni a sì ń kọ ọ́. Dha ni ọba nínú Deshkar, òwúrọ̀ sì ni tirẹ̀. Bí oníṣẹ́ ọnà bá so ohùn márùn-ún mọ́ òwú márùn-ún, tí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò tíì hun ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé ń lu dùndún: ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ń jáde, gbólóhùn kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa rántí òwú tí ọwọ́ ti kàn kọjá kí ó tó yan ohùn tí yóò tẹ̀lé e.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ahunṣọ. Ní Kashmir, àwọn tí ń hun ìborùn kani a máa fi àmì kọ bátànì sórí bébà: iye òwú, àti àwọ̀ tí ó kàn. Talim ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan a máa kà á sókè, àwọn ahunṣọ a sì máa tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kan náà, tí ó wá láti inú èdè Lárúbáwá, ni àwọn olórin àríwá Íńdíà ń lò fún ẹ̀kọ́ tí a ń gbà lẹ́nu ọ̀gá. Ó ṣeni láàánú, nígbà náà, bí oníṣẹ́ ọnà bá ra aṣọ tí ó ti parí lọ́jà, tí ó so wáyà mọ́ ọn, tí kò sì bá ẹni tí ó hun ún sọ̀rọ̀. Ahunṣọ ni ó mọ ibi tí òwú onífàdákà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Òun ni ó lè pín aṣọ sí ọ̀nà 16 kí ó bá ìlù tintal mu, kí ó sì fi ṣẹ́dà lásán sí ipò kẹsàn-án, níbi tí a kì í ti í pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú náà tún wà níbẹ̀. Òógùn ọwọ́ a máa sọ fàdákà di dúdú, ìfọwọ́kàn ojoojúmọ́ a sì máa já a. Bí òwú kan bá ti já, apá yẹn nínú aṣọ ti yadi nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí yóò tún òwú náà fà wọ inú aṣọ láì ba bátànì jẹ́ ni ó ṣọ̀wọ́n, ẹ̀rọ ìhunṣọ oníná sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ní Varanasi.