Ó pọ̀n ọmọ wọ láàbù: ìtàn oògùn tó dúró de ẹ̀rí fún ọdún 55

Tí ìyàwó ilé bá bímọ tán, "Ẹ kú ewu ọmọ" la máa ń kí wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ kí i báyẹn mọ ohun tó ń sọ, torí ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò pé lọ́dún 2023 nìkan, nǹkan bí 260,000 obìnrin ló kú káàkiri ayé nítorí oyún tàbí ìbímọ. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin wọn lọ tó jẹ́ ará Nàìjíríà. Ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń pa wọ́n ni kí ọmọ jáde tán, kí ẹ̀jẹ̀ wá máa dà, kó má dá.

Oògùn kan wà tó ń ṣèrànwọ́ níbẹ̀: tranexamic acid, tí àwọn dókítà ń pè ní TXA. Ọdún 1962 ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Àmọ́ ọdún 2017 la tó rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń gba ìyálọ́mọ lọ́wọ́ ikú. Ọdún 55 gbáko! Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ṣe é ná.

Ẹ̀jẹ̀ tiwọn fúnra wọn

Utako Okamoto lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Japan lọ́dún 1918. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti Shosuke ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Owó ò sí, irinṣẹ́ ò tó. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tó mú kí wọ́n yan ẹ̀jẹ̀: tí èyí tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ ò bá tó, wọ́n á fa tiwọn.

Obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Níbi ìpàdé àwọn dókítà kan tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ijó ló fẹ́ wá jó fáwọn. Kò sì rẹ́ni bá a mú ọmọ dání, ló bá ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pọ̀nmọ, ẹ fojú inú wo ẹni tó pọ̀nmọ tó tún di ìgò àyẹ̀wò mú.

Àlùmágàjí inú ẹ̀jẹ̀

Tí ara bá lọ́gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní fibrin ló ń hun ara wọn bí àwọ̀n apẹja láti dí ojú ọgbẹ́. Àmọ́ ara tún ní plasmin, tó ń gé àwọ̀n yẹn bí àlùmágàjí, kí ẹ̀jẹ̀ dídì má bàa dí iṣan pa. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìbímọ, àlùmágàjí yìí lè máa gé kí àwọ̀n tó múlẹ̀.

TXA kì í mú ẹ̀jẹ̀ dì fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń jókòó síbi tó yẹ kí àlùmágàjí ti di àwọ̀n mú, tí kò fi ní ríbi gé e.

Okamoto fẹ́ káwọn dókítà agbẹ̀bí ní Kobe dán an wò fáwọn ìyálọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Wọn ò gbà. Bí àwọn oníṣègùn ṣe ń lo TXA fún eyín yíyọ àti nǹkan oṣù tó ń dà jù nìyẹn, tí ìbéèrè tirẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ̀rí dé

Láàárín 2010 sí 2016, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní WOMAN gba 20,060 obìnrin wọlé ní ilé ìwòsàn 193, lórílẹ̀-èdè 21. London ni wọ́n ti ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n Nàìjíríà àti Pakistan ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin náà ti wá. Bukola Fawole ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà nílé. Gbogbo wọn gba ìtọ́jú tó yẹ. Àwọn kan gba TXA lé e, àwọn yòókù gba omi abẹ́rẹ́ lásán.

Nínú 1,000 tó gba TXA láàárín wákàtí 3, nǹkan bí 12 ni ẹ̀jẹ̀ dídà pa. Nínú 1,000 tó gba omi lásán, 17. Àyẹ̀wò míì fi hàn pé ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n bá fi falẹ̀ ń bu nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò lára àǹfààní oògùn náà. Lẹ́yìn wákàtí 3, kò sí àǹfààní mọ́. (Iṣẹ́ dókítà àti agbẹ̀bí nìyí o, kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń dá rà ní kẹ́mísì.)

Okamoto kú lọ́dún 2016, lẹ́ni ọdún 98. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èsì jáde.

Iṣẹ́ tó kù

Ìwádìí ńlá báyìí ò ṣeé ṣe láìsí àwọn tó máa dúró lóru nílé ìgbẹ̀bí, tí wọ́n á ṣàlàyé fún aboyún lédè tó yé e, tí wọ́n á gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì kọ aago sílẹ̀ láìṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ́ dókítà àti agbẹ̀bí ló ń ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè tiwọn.

Ìbéèrè ò sì tíì tán. Ìwádìí kejì, WOMAN-2, lo 15,068 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Zambia, bóyá TXA lè dènà ẹ̀jẹ̀ dídà kó tó bẹ̀rẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé kò dín in kù. Ìyẹn náà wúlò, torí kò ní jẹ́ ká máa náwó sóhun tí ò ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ní abúlé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gún, ṣé wọ́n lè gún un sínú ẹran ara? Wọ́n ti ń dán ìyẹn wò.

Ẹni tó máa béèrè ìbéèrè tó kàn lè jẹ́ nọ́ọ̀sì ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ìyá ọmọ kékeré tó ń ṣe másítàsì lọ́wọ́. Tó bá ń wá owó díẹ̀ àtẹni tó máa bá a mú ọmọ dání, kí ọ̀gá rẹ̀ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kó gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ ná.