Kí La Fẹ́ Fi Fídíò Náà Ṣe? Bí A Ṣe Lè Wọn Dídára Fídíò

Àwọn àgbà ní ohun tó yẹni ló ń yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ fídíò rí. Fídíò kan náà lè dára fún iṣẹ́ kan, kó má wúlò rárá fún òmíràn. Ẹni tó bá béèrè pé "Ṣé fídíò yìí dára?" kò tíì parí ìbéèrè rẹ̀. Ó yẹ kó fi kún un pé: "Fún kí ni?" Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ló ń sọ bí a ó ṣe wọn fídíò náà.

Iṣẹ́ mẹ́ta, ìwọ̀n mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká fi agbègbè kan ṣe àpẹẹrẹ: láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin àti Ọ̀sì ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, dé Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá ní Òkè-Ẹrọ̀, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ibẹ̀ lè lo fídíò fún iṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán.

Èkíní ni ẹ̀kọ́. Ká sọ pé olùkọ́ kọ *oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀* àti *ọ̀kọ̀* sára pátákó, ẹnìkan sì fi fóònù ya á. Kí fídíò náà lè fúyẹ́, wọ́n fún un pọ̀ kó tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé. Àwọn nǹkan tín-tìn-tín ni irú fífún bẹ́ẹ̀ máa ń tètè pa rẹ́, àmì orí lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ojú olùkọ́ á ṣì hàn, aṣọ rẹ̀ á ṣì dán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ márùn-ún ti di ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó wò ó á ní ó dára. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé á kùnà nínú ìdánwò.

Èkejì ni ìpè sílé. Níbí, ìdádúró ló ń ba nǹkan jẹ́ ju kí àwòrán ṣú díẹ̀ lọ. Ìlànà G.114 ti àjọ ITU, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, sọ pé bí ohùn kò bá pẹ́ ju 150 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ìjíròrò á lọ geere. Kò sì yẹ kó ju 400 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, àwòrán tó ń ta kókó á gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ohùn tó ń já ṣe ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ àwa tókù lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni ìpamọ́ àṣà. Odò-Ọwá ni ìlú Bámigbóyè, agbẹ́gilére tí ilé-ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Bí a bá ń ya ère Ẹpa, ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ hàn lára igi. Bí a bá ń ya ẹni tó gbé ère náà jó, a nílò àwòrán púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹsẹ̀ ijó má baà di òjìji. Àwòrán VCD tí a fi ń wo fíìmù Yorùbá nígbà kan ní píksẹ́lì 352 lọ́nà 288 péré. Ó tó fún ìtàn, a sì gbádùn rẹ̀. Fóònù tó ń ya 1,920 lọ́nà 1,080 ní ìlọ́po 20 píksẹ́lì bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀bẹ sì ń fẹ́ ẹ.

Ṣíṣètò ìwọ̀n

Àkọ́kọ́, ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan: "Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ka àmì ohùn lórí fóònù rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ẹ yan irú ìbéèrè. Bí ìgbádùn ni ẹ ń wá, ìlànà P.910 ti ITU ní kí òǹwòran fún fídíò kéékèèké ní máàkì láti 1 dé 5. Bí iṣẹ́ ni ẹ ń wá, ìlànà P.912 ti ọdún 2008 ló bá a mu: ẹ má bi òǹwòran bóyá ó hàn, ẹ ní kó sọ ohun tó rí, kí ẹ sì ka iye tó gbà.

Fún àpẹẹrẹ wa, ẹ kọ ọ̀rọ̀ 30 sára pátákó, kí ẹ pín wọn sí ìdì mẹ́ta. Kó má jẹ́ nínú gbólóhùn, torí ẹni tó gbọ́ Yorùbá á fi òye gbé àmì tí ojú rẹ̀ kò rí. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, èyí tí a fún díẹ̀, àti èyí tí a fún púpọ̀. Ẹ wá òǹwòran 15, kí ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á wo ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n fi wo ìdì kan yàtọ̀ sí ti ọ̀wọ́ tókù. Báyìí, kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó fi ìrántí dáhùn, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ní ìdáhùn 150. Ẹ fẹnu kò sí òdiwọ̀n ṣáájú, bóyá 143 nínú 150, kó tó di pé ẹ rí èsì. Bí ẹ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀ pàápàá bá kùnà, ẹ má dá fífún lẹ́bi. Kámẹ́rà ti jìnnà jù, tàbí iná kò tó.

Ẹ̀rọ ńkọ́?

Ẹ̀rọ wà tó ń wọ̀n láìsí òǹwòran. PSNR ń fi píksẹ́lì wé píksẹ́lì. VMAF, tí Netflix gbé jáde ní 2016, ń gbìyànjú láti sọ máàkì tí ènìyàn ì bá fún fídíò. Wọ́n wúlò, wọ́n sì yá. Ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá parẹ́ ní igun kékeré kan lórí pátákó tó gbòòrò, máàkì gbogbo àwòrán lè má fi bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ènìyàn dán an wò, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ.

Owó àti ohun tí kò ṣeé tún ṣe

Fídíò tó ń lo mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń jẹ dátà 450MB ní wákàtí kan. Èyí tó ń lo 4 ń jẹ 1,800MB. Bí ìdánwò bá fi hàn pé èyí tó kéré gbé àmì ohùn yọ, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ti jèrè 1,350MB lórí ẹ̀kọ́ wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ti àwọn àgbà àti ère wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bàjẹ́, olùkọ́ lè tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ti lọ kò ní àtúnsọ. Fún irú ìyẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó fi èyíkéyìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp.